Ìtàn Wíwọn Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, àti Ìwádìí Ibà Lassa

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ bá dé ọdún tí ó kẹ́yìn ní Yunifásítì, tí ó sì ń wá ohun tí yóò fi ṣe ìwádìí, kì í pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fi máa ń lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Iṣẹ́ tí awọnlẹ̀ mélòó kan ì bá fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, kọ̀ǹpútà lè parí rẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Bí ènìyàn bá fún un ní orúkọ ibi tí àwọn aláìsàn ti wá, yóò ka iye wọn, yóò wọn bí ibùgbé ọ̀kan ti jìnnà sí ti èkejì, yóò sì fi pupa kun ibi tí àìsàn ti pọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tí ó fa ìlà tí òun ń kàwé nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìdí tí wọ́n fi fà á. Ọ̀rọ̀ ìtàn nìyẹn. Ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ibà Lassa ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ọ̀fọ̀, ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí lè sọ abúlé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ di ibùdó àrùn, kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ibùdó àrùn gan-an kọjá láìwò ó.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọjúgbẹ̀lú, ọmọ Odùduwà, ni baba ńlá àwọn Ọlọ́wọ̀, àti pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣí wá. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀, ó sì hú àwọn ère amọ̀ tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nínú àwọn ère wọ̀nyí ọwọ́ Ifẹ̀ hàn, ọwọ́ Bìní sì hàn pẹ̀lú. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ojú ọ̀nà ni Ọ̀wọ̀ wà láti ìgbà láéláé: ènìyàn ń lọ, ènìyàn ń bọ̀, ẹrù ń kọjá láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ní ìhà ìlà-oòrùn yẹn ni Odò Ọ̀sẹ̀ wà, tí ó ti apá òkè Àkókó ṣàn wá sí gúúsù, tí ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ títí ó fi wọ ilẹ̀ Ẹdó. Odò náà ni ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìfọ̀n jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ti gba orúkọ.

Kí awọnlẹ̀ kankan tó dé, àwọn ará ibẹ̀ mọ ààlà wọn. Pèrègún ni ìwé ààlà. Bí kò bá sí pèrègún, odò ni, bí kò bá sí odò, igi ńlá tàbí òkúta ni. Irú ààlà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlà tín-ínrín tí ènìyàn lè fi gègé fà. Ẹnu àgbà ni ó ń gbé, ó sì lè fẹ̀ tó ìwọ̀n tí àwọn oníoko méjì bá gbà pé kí ó fẹ̀ tó. Ọdẹ a mọ ibi tí ilẹ̀ ìlú kan parí sí, kò sì ní lè fi ìka tọ́ka sí i lórí bébà.

Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú okùn ìwọnlẹ̀ dé. Ní ọdún 1908 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ awọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ tí a wá mọ̀ mọ́ ìlú Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà. Ìlú Ọ̀wọ̀ di olú-ìlú ẹ̀ka ìjọba tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nínú ẹkùn Oǹdó. Wọ́n tún ya igbó sọ́tọ̀ ní ìhà Ìfọ̀n, wọ́n sì sọ ọ́ di igbó ọba. Ìlà igbó ọba yẹn yẹ ní àfiyèsí. Ìlà tòótọ́ ni, nítorí a fi òfin gbé e kalẹ̀, ó sì wà lórí àwòrán ilẹ̀ títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹni pé igbó nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀, oko ti wọ inú igbó náà ní ọ̀pọ̀ ibi, níbi tí oko bá sì ti wọ̀, abà a tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba àwòrán gbọ́ yóò sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àwòrán tí a fi fọ́tò inú ọkọ̀ òfuurufú yà, tí sẹ̀ǹtímítà kan lórí wọn dúró fún ìdajì kìlómítà lórí ilẹ̀. Wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ìdajì dígíìrì sí ìdajì dígíìrì, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Èyí tí Ọ̀wọ̀ bọ́ sí ni 265. Ìlà dígíìrì keje ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni ó sì parí 265 ní ìsàlẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà lókè ìlà náà. Ìfọ̀n wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nínú ìwé mìíràn. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n, kò ní rí ohun kankan lójú ọ̀nà tí yóò sọ fún un pé òun ti kúrò nínú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn. Àwọn ará abà tí ó wà lẹ́bàá ìlà náà kò mọ̀ pé ó wà. Síbẹ̀ ìlà yìí ti pinnu ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rí, nítorí ẹni tí ìwé kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa fi ìwé náà parí ìwádìí rẹ̀, a sì wá ìdí tí ó dára láti fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún le ju ti ìlà lọ. Àwọn tí ó ya àwòrán wọ̀nyí kọ orúkọ ìlú láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, O-w-o lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ òwò, ó lè jẹ́ ọwọ́, ó sì lè jẹ́ Ọ̀wọ̀. Èyí ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán bí kò bá sí ti Ìfọ̀n. Ìfọ̀n wà ní Ọ̀sẹ̀. Ìfọ́n mìíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí í ṣe Ìfọ́n Òróolú. Nígbà tí a bá bọ́ àmì lára wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bákan náà ni Èmùré-Ilé wà ní Ọ̀wọ̀, tí Èmùré mìíràn sì wà ní Èkìtì. Bí akọ̀wé ilé ìwòsàn bá kọ «Emure» tàbí «Ifon» sínú ìwé, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá ibẹ̀ lórí àwòrán ayé, ó ṣeé ṣe kí ó gbé aláìsàn náà sọdá sí ìpínlẹ̀ mìíràn, láìbéèrè ìbéèrè kankan. Àwọn tí ń jà fún àmì ohùn nínú ìwé Yorùbá kì í sábà fi ọ̀rọ̀ ìlera gbe ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ojú ọ̀run gba iṣẹ́ lọ́wọ́ okùn. Ìkùukùu a máa bo ilẹ̀ igbó fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, fọ́tò lásán kò sì lè gba inú rẹ̀ ríran. Nítorí náà ni ìjọba ṣe lo ẹ̀rọ rádà láti inú ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1976 àti 1977 láti ya gbogbo Nàìjíríà, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní NIRAD, kí a lè mọ ibi tí igbó wà àti ibi tí oko wà. Sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ ti gòkè ní ọdún 1972, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń fi ra àwòrán rẹ̀ títí di ọdún 2008 tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour yí ayé po fún ọjọ́ 11, ó sì wọn gíga òkè àti jíjìn àfonífojì. Láti ọdún 2015 ni Sentinel-2 ti ń ya àwòrán tí ojúùwọ̀n kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ mítà 10. Gbogbo ìwọ̀nyí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè rí gbà lónìí láìsan kọ́bọ̀, kí ó sì kó wọn sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gbàgbé pé àwòrán àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí kò bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti ojú kan náà. Minna ni àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà fi ṣe orírun ìwọ̀n tiwọn. Sátẹ́láìtì àti fóònù ń lo orírun mìíràn. Bí a bá gbé ọ̀kan lé èkejì láìṣe àtúnṣe, ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí mítà 100 ní agbègbè yìí. Ní ìlú ńlá, ó lè má jẹ́ nǹkan. Ní abà tí kò ní ju ilé 10 lọ, mítà 100 ti gbé gbogbo abà náà kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ sínú oko ẹlòmíràn.

Ó ku ìlà àwọn olóṣèlú. Títí di ọdún 1963, abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni Ọ̀wọ̀ àti ilẹ̀ Ẹdó wà. Ní ọdún náà ni a dá Mídíwẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Ní ọdún 1976, Ìpínlẹ̀ Oǹdó jáde, èkejì sì di Bendel. Ní ọdún 1991, Bendel pín, a sì rí Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Nínú gbogbo ìpín wọ̀nyí, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ọ̀sẹ̀ lónìí wá di etí ìpínlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà rẹ̀, àna rẹ̀ àti oko rẹ̀ kò yé gba òdìkejì ààlà kọjá. Sàbọ̀ngídá-Ọ̀rà kò jìnnà sí Ìfọ̀n. Eku kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá Àkúrẹ́ ni olú-ìlú òun tàbí Bìní.

Eku ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ mọ ibà Lassa, nígbà tí ó kọlu nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọ Kristi kan ní ìlú Lassa ní Borno; wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Orúkọ ìlú náà ni a fi sọ àrùn náà, àwọn ará Lassa sì ń ru orúkọ yẹn títí di òní. Ní ọdún 1972, nígbà tí àrùn náà jà ní Sierra Leone, àwọn onímọ̀ mú eku, wọ́n sì rí kòkòrò àrùn náà lára Mastomys natalensis, eku kan tí ọmú abo rẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Eku yìí fẹ́ràn àyíká ènìyàn: inú oko, inú àká, inú ilé tí ògiri rẹ̀ ti là. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ tàbí lórí ohun èlò ni ó sábà ń gbé àrùn náà ran ènìyàn. Pípa eku náà láti jẹ pẹ̀lú léwu. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ti kó o lè fi ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá ti Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni ó kọ́kọ́ di ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún ìtọ́jú ibà yìí ní apá ibẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2018, àrùn náà gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà lọ́dún náà ju 600 lọ. Ẹdó, Oǹdó àti Ebonyi ni ó pọ̀ sí jù. Ní ọdún 2020, iye náà ju 1,100 lọ. Nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wà lára àwọn tí ó fara gbá a jù, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì di ibi tí wọ́n ń gbé àwọn aláìsàn lọ.

Níbí ni ìdẹkùn wà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀wọ̀ ni ilé ìwòsàn wà. Ẹni tí ó ń gbé nítòsí rẹ̀ yóò tètè dé ibẹ̀, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ ìwé. Ẹni tí ó wà ní abà lápá ìsàlẹ̀ Ọ̀sẹ̀ lè rò pé ibà lásán ni, kí ó lo àgbo, kí ó lọ sọ́dọ̀ olóògùn, kí ó sì kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ó pa á. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí kọ̀ǹpútà fi pupa kun ibi tí àìsàn pọ̀ sí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibi tí àyẹ̀wò pọ̀ sí ni ó kùn. Yóò dà bí ẹni pé ilé ìwòsàn ni ó ń mú àrùn wá. Ó tún wọ́pọ̀ pé kí aláìsàn tí ó ti oko wá dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí akọ̀wé sì kọ ilé ẹ̀gbọ́n náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùgbé rẹ̀.

Ìtàn John Snow, oníṣègùn Lọ́ńdọ̀nù, ni àwọn olùkọ́ sábà fi ń yin àwòrán àrùn. Ní ọdún 1854, nígbà tí onígbáméjì ń pa àwọn ará Soho, ó fi àmì sí ilé olúkúlùkù ẹni tí ó kú, àwọn àmì náà sì pọ̀ yí ẹ̀rọ omi Broad Street ká. Ṣùgbọ́n apá tí ó dùn jù nínú ìtàn náà ni wọ́n máa ń fò. Opó kan kú ní Hampstead, ibi tí ó jìnnà sí ẹ̀rọ omi yẹn. Lórí àwòrán, ikú rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ Snow mu rárá. Snow wádìí ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó wá hàn pé ìyá náà ti gbé Soho rí, ó fẹ́ràn omi ibẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e wá fún un nínú ìgò. Bákan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi náà gan-an kò kú, nítorí pé kì í ṣe omi rẹ̀ ni wọ́n ń mu. Ìlẹ̀kùn tí Snow kàn àti ẹnu tí ó fi béèrè ni ó la ọ̀rọ̀ náà. Àwòrán tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣètò irú ìwádìí yìí ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá fi kọ̀ǹpútà sẹ́yìn ní oṣù àkọ́kọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ ibùgbé: gbogbo ìlú, gbogbo abúlé, gbogbo abà, pẹ̀lú àmì ohùn lórí orúkọ wọn, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é àti èyí tí àwọn ará ìlú ń pè é, nítorí pé méjèèjì lè má jẹ́ ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ GRID3, tí ó ti inú ìgbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ jáde, wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀, àwọn ọdẹ àti àwọn awakọ̀ tí ń gbé kòkó ni yóò parí rẹ̀. Fóònù tí ó lè gba ìró sátẹ́láìtì tó fún wíwọn ojú ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó pinnu ohun tí kọ̀ǹpútà yóò fi ṣe ẹyọ ìkàwé. Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Bí a bá ka àwọn aláìsàn kan náà ní ìjọba ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, ìdáhùn kan ni yóò jáde. Bí a bá kà wọ́n ní wọ́ọ̀dù ní wọ́ọ̀dù, òmíràn ni. Bí a bá kà wọ́n ní onígun mẹ́rin kìlómítà márùn-ún, ẹ̀kẹta ni. Ìṣirò tí Moran gbé jáde ní ọdún 1950, tí QGIS àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣe ní ìṣẹ́jú kan, ń béèrè bóyá aládùúgbò jọ aládùúgbò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi Ìpínlẹ̀ Oǹdó parí àwòrán rẹ̀, ó ti gba ìdajì aládùúgbò Ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ó pọn dandan kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ẹdó tí ó bá Ọ̀sẹ̀ pààlà wọ inú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìwé àṣẹ méjì ni yóò tọrọ dípò ẹyọ kan. Iye ènìyàn tí yóò fi pín iye aláìsàn pẹ̀lú jẹ́ ìṣòro, níwọ̀n bí ìkànìyàn Nàìjíríà tí ó kẹ́yìn ti jẹ́ ti ọdún 2006. Kí ó kọ ọ́ sójú ìwé pé àròpọ̀ ni, kí ó má fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Àti pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye aláìsàn ni kí ó kọ iye àyẹ̀wò tí a ṣe láti ibùdó kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú wákàtí tí ó ń gbà láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ibi tí àyẹ̀wò kò sí, kí ó fi í sílẹ̀ ní funfun. Funfun kì í ṣe àwọ̀ ewé.

Orúkọ aláìsàn kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn, àṣẹ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ ìwádìí sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí ìwé kankan tó ṣí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí orúkọ ènìyàn. Abà tí ó ní ilé mẹ́jọ, tí a fi àmì pupa kan sí, ti di mímọ̀ fún gbogbo ọjà. Àwọn obìnrin tí ń gbé gàrí ibẹ̀ wá sí Ọ̀wọ̀ lè padà sílé pẹ̀lú ẹrù wọn lórí. Àwọn ará Lassa ní Borno lè sọ bí ó ti rí kí orúkọ ìlú ẹni di orúkọ àrùn. Nítorí náà, àwòrán tí yóò jáde fún ayé ní láti jẹ́ èyí tí a kó àwọn abà pọ̀ nínú rẹ̀, kí àwòrán tí ó fi abà kọ̀ọ̀kan hàn wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ìlera nìkan.

Àkókò kò sì dúró. Láti oṣù kọkànlá ni ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, tí wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í sun igbó, tí eku a sì sá kúrò nínú oko wá sínú ilé, nítòsí gàrí àti àgbàdo. Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹrin ni ibà náà máa ń pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn ènìyàn ń sùn nígbà tí iná bá jó igbó, ní láti ti dé ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ ọ̀nà Ìfọ̀n àti Òkèlúsè nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀.